Mo ti Iléṣà lọ wo omi Ẹ̀rìn, orúnkún mi ló ròyìn

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ránṣọ nítòsí ọjà Àtakúmọ̀sà, n kò fojú kan omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tó ń já bọ́ látorí àpáta rí. Ìtìjú ni, mo mọ̀. Ọmọ àbúrò mi tó ti Ìbàdàn wá lóṣù Kẹwàá ló bi mí pé, "Màmí, ṣé òótọ́ ni pé omi yẹn tutù bíi yìnyín?" Mo ní n kò mọ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ní òun ò mọ orúkọ bàbá òun. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo fi aṣọ bo máṣíìnì, ó di ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ẹ̀yin náà ẹ mú àárín ọ̀sẹ̀. Bó bá di ọjọ́ ọdún, orí èèyàn lẹ máa wò dípò omi. Ọ̀nà Àkúrẹ́ la tọ̀, a kọjá Ìwàrájà, lẹ́yìn náà la yà sọ́wọ́ Ẹ̀rìn. Láti ibi tí a ti yà ni òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga lójú wa, igbó sì bò wọ́n dúdú kirikiri. Owó ìwọlé kò ni wá lára. Ọmọ Òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò, sì ni mí, mo ti múra láti dúnàádúrà, kò pọndandan.

Ká tó rí omi la ti ń gbọ́ ọ, ó ń dún bí òjò ńlá tó ń bọ̀ lórí páànù. Ipele méje ni omi yìí fi ń já bọ́ látòkè. Àtẹ̀gùn wà débi àkọ́kọ́, àgbàlagbà lè rọra gùn ún. Nígbà tí a débẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Òjò ṣì ń rọ̀ lásìkò yẹn, omi pọ̀, ó ń já lu àpáta, èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sí wa lójú títí gèlè mi fi rin gbindin. Ẹni tó ń fi wá mọ̀nà ní Akinlá, ọmọbìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, ni ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ rí i nígbà tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣí bọ̀ wá tẹ ìlú dó. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní olú mìíràn rèé, òrìṣà mìíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pè é ní Olúmìrìn. Ká ní ilé ni mo ti gbọ́ ọ ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ omi yẹn, n kò rẹ́rìn-ín.

Ipele kejì ni mo ti mọ ọjọ́ orí mi. Àtẹ̀gùn tán, ó ku gbòǹgbò igi àti àpáta tó ń yọ̀. Ọmọkùnrin amọ̀nà gé igi fún mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jókòó síbí, ẹ má bá orúnkún jà." Mo jókòó, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi. (Ó tutù. Ọmọ náà ti rí ìdáhùn.) Ọmọ àbúrò mi gùn dé ìkẹrin, ó bọ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé itan. Iṣẹ́ amọ̀nà yẹn dára, mo fi kún owó tí a jọ sọ. Ẹ kúkú sọ iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ má wọ sálúbàtà. Ẹ mú ìró kan dání, òun lẹ máa fi pààrọ̀ aṣọ. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kó náílọ̀n omi yín padà. Èyí tí àwọn àlejò dà sáàárín àpáta bà mí nínú jẹ́.

Ẹni tó ba ọjọ́ náà jẹ́ ni awakọ̀ tí mo háyà. Ó ní òun á dúró dè wá di aago mẹ́ta. Aago méjì la sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ti lọ gbé èrò mìíràn, wákàtí kan ààbọ̀ la fi dúró. Ẹ má san gbogbo owó tán lálọ.

Ọjọ́ kejì la lọ Ilé-Ifẹ̀, ibi tí orúnkún mi kò ti rẹ́ni bá jà. Ní ilé ọnà tó wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, mo dúró pẹ́ níwájú orí amọ̀ kan. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó tò bí ojú abẹ́rẹ́ tí kò yà rárá. Èmi tí mo ń ránṣọ mọ ohun tó gbà kí ọwọ́ tó lè dúró báyẹn. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tó lókìkí jù, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ lágbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 tí wọ́n fi bá wọn pàdé nínú ilẹ̀. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ga ju mítà 5 lọ, ìṣó irin wà lára rẹ̀. Ọmọ náà gbìyànjú láti ka àwọn ìṣó náà, ó ṣì wọ́n kà. Iyán tí a jẹ lójú ọ̀nà kúná, ọbẹ̀ rẹ̀ kàn jọ omi Ẹ̀rìn ni.

Ó ku igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ọmọ náà ní òun ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, a máa kọ́kọ́ padà sí Ẹ̀rìn ná. Mo ti ra kánfáàsì.