EMMA: Ibi tí a ti lè yẹ àpò ìlú ńlá wò lọ́fẹ̀ẹ́

Kò sí ìlú ńlá tó sùn, tó jí, tó bá ara rẹ̀ nínú gbèsè àìlèsan. Kó tó di pé owó oṣù òṣìṣẹ́ ń fà, àmì rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìṣirò owó tipẹ́. EMMA (emma.msrb.org) ni ìkànnì tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ìlú Amẹ́ríkà tó ń ta bọ́ńdì, ìyẹn ìwé gbèsè tí ìlú fi ń yáwó, sí. MSRB ló ni ín, àjọ tó ń ṣòfin fún àwọn alágbàtà bọ́ńdì ìpínlẹ̀ àti ti ìlú, ibẹ̀ nìkan sì ni SEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò, ní kí ìwé náà máa lọ láti oṣù Keje 2009. Ọ̀fẹ́ ni, o kò sì ní forúkọ sílẹ̀ kí o tó kà á.

Tẹ orúkọ ìlú tàbí CUSIP, nọ́ńbà ìdánimọ̀ bọ́ńdì rẹ̀, síbi ìwákiri. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí ìlú kan kì í ṣe ajigbèsè kan. Ní Chicago, ìjọba ìlú wà lọ́tọ̀, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé wà lọ́tọ̀, àjọ ọgbà ìgbafẹ́ náà wà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn onílé kan náà ló ń san owó-orí fún gbogbo wọn. Ẹni tó bá ka ti ìjọba ìlú nìkan kò tíì ka gbèsè Chicago.

Máàkì tí Fitch, KBRA, Moody's àti S&P, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń díwọ̀n bóyá ajigbèsè lè san gbèsè, fún ìlú náà wà níbẹ̀, àmọ́ má fi bẹ̀rẹ̀. Èrò ẹlòmíì ni. Ṣí ìròyìn owó ọdọọdún, kí o wá General Fund, àpò tí ìlú fi ń ṣe ìnáwó ojoojúmọ́. Ro owó tó wà lábẹ́ committed, assigned àti unassigned pọ̀, ìyẹn ìpamọ́ tí ìlú fúnra rẹ̀ lè pinnu bí yóò ṣe ná an: GFOA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó owó ìjọba, dá a lábàá pé kó tó ìnáwó oṣù méjì, ó kéré tán. Bó bá ń wálẹ̀ lọ́dọọdún, ìlú náà ti ń jẹ owó ìpamọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, bọ́ sí àwọn àlàyé tó wà lẹ́yìn ìṣirò. Ẹni tó ń kánjú kì í débẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Kọ́kọ́ wá gbèsè onígbà kúkúrú. Ohun tó gbé New York ṣánlẹ̀ ní 1975 nìyẹn: ó ń yá owó tuntun fi san ti àná, ó sì ń ti apá kan ìnáwó ojoojúmọ́ bọ inú ìṣúná ilé kíkọ́ àti afárá. Nígbà tí àwọn báńkì kọ̀yìn sí i, ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti dá àjọ kan tó ń jẹ́ MAC sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà kó máa bá a yáwó. Wo tábìlì owó ìfẹ̀yìntì náà: iye tí àwọn oníṣirò ní kí ìlú san, àti iye tó san gan-an. Bí ìkejì bá ń dín sí ìkíní lọ́dọọdún, ìlú ń yáwó lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láì ta bọ́ńdì kankan. Kí o sì ṣọ́ owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 2008, Chicago gba bílíọ̀nù 1.15 dọ́là lórí mítà ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀, ó sì yááfì owó tí mítà náà yóò pa fún ọdún 75. Irú owó bẹ́ẹ̀ ń bo ihò ọdún kan. Ihò ọdún kejì ṣì wà níbẹ̀.

Apá tó dára jù ni ìkéde ìṣẹ̀lẹ̀. Òfin 15c2-12 ti SEC ka oríṣi 16 sílẹ̀, bíi àìsan gbèsè lásìkò tàbí fífọwọ́ kan owó ìpamọ́ bọ́ńdì, tí ìlú gbọ́dọ̀ kéde láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́wàá pọ̀ o: oṣù Kẹfà 2013 ni Detroit kọ̀ láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 dọ́là, nígbà tó fi di ọjọ́ 18 oṣù Keje, ó ti gbé gbèsè bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là lọ sílé ẹjọ́ pé òun kò lè san án mọ́.

Àbùkù EMMA tó dun ni jù ni pípẹ́. Ìròyìn tí wọ́n ti yẹ̀ wò sábà máa ń jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ọdún ìṣúná parí, nítorí ìlú fúnra rẹ̀ ló ń mú ọjọ́ nínú àdéhùn rẹ̀. Ti New York yá ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún rẹ̀ ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, òfin ìlú sì fún Comptroller, ọ̀gá ìṣirò owó ìlú, ní oṣù mẹ́rin péré. Àwọn PDF míì jẹ́ àwòrán lásán tí a kò lè wá ọ̀rọ̀ nínú wọn, EMMA fúnra rẹ̀ kò sì to nọ́ńbà ọdún márùn-ún síra wọn. Ìwọ ni yóò da nọ́ńbà kọ. Òfin kan tó jáde ní 2022 fẹ́ kí nǹkan wọ̀nyí di ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà, ó sì yẹ kí wọ́n yára sí i.

Bí o bá fẹ́ ṣọ́ ìlú kan, forúkọ sílẹ̀ ní MyEMMA kí ìkéde máa wọ ímeèlì rẹ. Fi CUSIP ìgbìmọ̀ ilé-ìwé kún un, kí o sì tètè ṣí ìkéde èyíkéyìí tó bá sọ pé ìròyìn ọdún kò ní jáde lásìkò.