Háámà àbí bíìtì olórí mẹ́ta? Ìfiwéra irinṣẹ́ ìwalẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ ra irinṣẹ́ tí ẹ ó fi wa ihò omi (borehole), ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo irinṣẹ́. Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Iléṣà, àpáta àtijọ́ ló wà nísàlẹ̀, amọ̀ pupa àti yangí ló sì bò ó mọ́lẹ̀. Ní agbègbè Ìtagunmọ́dì, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, àpáta dúdú tí wọ́n ń pè ní amphibolite ti jẹrà di amọ̀ tó jinlẹ̀. Ẹ kọjá sí apá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níbi tí omi Olúmirin ti ń já, quartzite ni ẹ ó bá, òkúta tó ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn òkè àpáta tó yọrí nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ fún yín: àpáta líle tí wọ́n ń pè ní gneiss ni. Irinṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè wa amọ̀ dáadáa kó tún wa àpáta dáadáa. Ẹni tó bá sọ pé tòun ń ṣe méjèèjì, ọjà ló ń tà.

A kò kọ iye owó síbí. Ohun tí wọ́n ń fi dọ́là rà, owó rẹ̀ kì í dúró lójú kan.

Mẹ́ta tó ń walẹ̀

Bíìtì ni orí tó ń jẹ ilẹ̀, róòdù ni ọ̀pá irin tó gbé e dé ìsàlẹ̀ ihò, ríìgì sì ni ẹ̀rọ tó wà lókè tó ń yí róòdù.

| | Bíìtì abẹ | Bíìtì olórí mẹ́ta | Háámà |
|---|---|---|---|
| Ibi tó mọ̀ ọ́n wà | amọ̀, iyanrìn, yangí rírọ̀ | àpáta tó ti ń jẹrà | àpáta líle |
| Ohun tó ń kó ìdọ̀tí jáde | ẹrẹ̀ bẹ́ntónáìtì (amọ̀ tó ń wú nínú omi) | ẹrẹ̀, nígbà mìíràn afẹ́fẹ́ | afẹ́fẹ́ àti fóòmù |
| Ẹrù tó fẹ́ lórí | díẹ̀ | púpọ̀ gan-an | níwọ̀nba |
| Ohun tó ń pa á | òkúta | bẹ́ríǹ tó kú, eyín tó ká | amọ̀ tútù, àìsí òróró ẹ̀rọ |

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ jù ni ẹrù, ìyẹn ìwọ̀n tó ń tẹ bíìtì mọ́lẹ̀. Nínú háámà, písítìnì kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbé sókè sódò, tó ń lu bíìtì lórí ní ìsàlẹ̀ ihò gan-an. Agbára rẹ̀ kì í ṣòfò sára róòdù bí ihò ṣe ń jìn. Bíìtì háámà ínṣì 6 kò fẹ́ ju nǹkan bíi 3,000 pọ́un lọ lórí, ìyẹn 500 pọ́un fún ínṣì kan, ìwọ̀n róòdù fúnra rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kó máa yípo nígbà 15 sí 30 ní ìṣẹ́jú kan ti tó. Bí òkúta bá ṣe le sí ni kí ẹ dín in kù sí.

Ẹ wá wo bíìtì olórí mẹ́ta, ínṣì 8½, tó ní eyín tungsten. Kó tó lè fọ́ òkúta líle, ó fẹ́ bíi 2,000 pọ́un fún ínṣì kan, ó kéré tán. Ìyẹn jẹ́ 17,000 pọ́un, ó sún mọ́ tóònù mẹ́jọ. Ríìgì kékeré tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ní ìwọ̀n yẹn lára. Bí ẹ bá fi túláàsì tẹ̀ ẹ́, ríìgì á gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, bíìtì á sì kàn máa lọ òkúta bí ẹni ń lọ ata.

Nítorí náà, fún ilẹ̀ wa: bíìtì abẹ ínṣì 8½ fún amọ̀ òkè títí ẹ ó fi kan àpáta tó gbó, lẹ́yìn náà kéésìn, páìpù tí yóò di amọ̀ mú, lẹ́yìn náà háámà. Bíìtì olórí mẹ́ta wúlò níbi tí àpáta jíjẹrà bá nípọn, tó le ju ti abẹ lọ, tó sì rọ̀ ju ti háámà. Ẹ lè yá a lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó háámà, ẹ bèèrè irú ìdí bíìtì tó ń gbà. DHD360, QL60, SD6 àti Mission 60 jẹ́ háámà ínṣì 6 gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bíìtì ọ̀kan kì í wọ inú èkejì. Ẹ ra èyí tí bíìtì rẹ̀ wà ní ìtòsí, torí bíìtì lẹ ó máa rà léraléra, háámà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo fáàfù tó wà lókè rẹ̀. Òun ló ń dí ọ̀nà nígbà tí ẹ bá pa afẹ́fẹ́ láti fi róòdù kún un. Bó bá ti jẹ, omi àti ìyẹ̀fun òkúta á wọ inú háámà, kò sì ní lù mọ́.

Ohun tó sábà ń ba háámà jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló gbówó lórí. Amọ̀ tútù á dí ojú ihò afẹ́fẹ́ bíìtì. Ẹ má fi háámà wọ amọ̀. Bí ẹ bá yí róòdù sẹ́yìn nínú ihò, tíréédì á tú, háámà á sì kù sísàlẹ̀. Bí òróró kò bá bá afẹ́fẹ́ lọ, písítìnì á gbóná, á sì há. Láti mọ̀ bóyá òróró ń dé, ẹ fi páálí sábẹ́ bíìtì kí ẹ tó sọ ọ́ sínú ihò, kí ẹ tú afẹ́fẹ́ sí i: ó gbọ́dọ̀ tutù fún òróró. Ẹ wo kókó eyín bíìtì náà: bí orí rẹ̀ bá ti tẹ́ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú kókó náà, ó ti tó pọ́n. Ọ̀kan tí àwọn tuntun kì í mọ̀ ni pé bíìtì ń tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ihò náà sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá yọ bíìtì àlòkù ní 40 mítà, tó fi tuntun rọ́pò rẹ̀ nínú ihò kan náà, tuntun yẹn á há. Bíìtì tuntun ló ń bẹ̀rẹ̀ ihò. Àlòkù ló ń parí rẹ̀.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀: ibi tí owó ń lọ

Nọ́ńbà méjì ló wà lára kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún háámà ní afẹ́fẹ́. Cfm ni iye afẹ́fẹ́ tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. Psi tàbí bar ni agbára tó fi ń jáde. Cfm ń kó ìdọ̀tí jáde, psi ń lu háámà, ọ̀kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Bí a ṣe ń ṣírò cfm rèé. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa gòkè láàrin róòdù àti ògiri ihò ní mítà 15 sí 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó lè gbé èérún òkúta dókè. Nínú ihò 165 mm tí róòdù rẹ̀ jẹ́ 89 mm, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 480 sí 640 cfm. Bí ẹ bá fi róòdù 76 mm sínú ihò kan náà, àlàfo fẹ̀ sí i, ó sì di 535 sí 715. Róòdù tẹ́ẹ́rẹ́ ń dín owó irin kù lẹ́ẹ̀kan, ó ń fi kún owó dísẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́. Bí cfm bá kéré, èérún á máa gòkè, á máa ṣubú padà, bíìtì á máa lù ú di ìyẹ̀fun, títí yóò fi yí háámà ká, tí yóò sì dì í mú.

Ti psi, ẹ fi omi ṣírò rẹ̀. Omi tó ga ní mítà 10 ń tẹ háámà ní bíi bar kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ dúró láti fi róòdù kún un, omi sì gòkè di mítà 50 lórí háámà. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ 7 bar, irú èyí tí wọ́n ń fi fọ́ ojú títì, ti pàdánù 5 kí ó tó lu ẹyọ kan. 2 ló kù, háámà kò sì ní jí. Ti 24 bar, ìyẹn bíi 350 psi, ṣì ní 19 lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń gbọ́ pé “omi pọ̀ jù, a kò lè wà á mọ́”. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló kéré.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ débẹ̀ kí wọ́n tó tan án, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ tutù. Èyí tí wọ́n ti mú gbóná sílẹ̀ ń fi àìtètètan rẹ̀ pamọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kí wọ́n ṣí fáàfù ìjáde díẹ̀ kí ó lè máa ru ẹrù, kí ẹ sì máa wo góòjì ìgbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ funfun sí ẹnu afẹ́fẹ́ láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Bí aṣọ bá kún fún òróró, séparétọ̀ rẹ̀, èyí tó ń yọ òróró kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kúrò nínú afẹ́fẹ́, ti lọ. Nọ́ńbà wákàtí tó wà lójú rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó rọrùn láti yí. Hóòsì 24 bar ni kí ẹ bá a rà, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tó ń di ìsopọ̀ rẹ̀ mú. Hóòsì tó bá já lábẹ́ agbára yẹn lè pa ènìyàn.

Bí owó kò bá tó, ẹ ra háámà, bíìtì àti róòdù, kí ẹ máa háyà kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Ó sàn ju kí ẹ gba 7 bar láwìn lọ. Oṣómàáló kì í bèèrè bóyá ihò so omi kó tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín.

Irin iṣẹ́ epo rọ̀bì tó ń ti Wàrí àti Port Harcourt wá

Irin gidi ni, owó rẹ̀ sì máa ń wu ojú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Niger Delta rọ̀, kì í ṣe òkúta tiwa. Bíìtì PDC, èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ dáyámọ́ńdì àtọwọ́dá, tó ń gé amọ̀ líle bí ọ̀bẹ níbẹ̀, etí rẹ̀ á fọ́ kélekèle lórí quartzite. Róòdù ínṣì 5 wọn wúwo tó 19.5 pọ́un fún ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹyọ kan sì gùn tó 30 ẹsẹ̀ bàtà: ó jẹ́ bíi 265 kílò. Ríìgì tó ń lo róòdù mítà 3 kò lè gbé e dúró, tíréédì rẹ̀ kò sì bá 2⅜ API REG, irú tíréédì tó wà lórí ọ̀pọ̀ ríìgì omi, mu.

Ti bíìtì olórí mẹ́ta wọn, ẹ ka nọ́ńbà IADC tó wà lára rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn awalẹ̀ fi ń dá irú bíìtì mọ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 1 sí 3, eyín irin ni. 4 sí 8, eyín tungsten, bó sì ṣe ń ga sí ni òkúta rẹ̀ ń le sí. Nọ́ńbà kẹta ni bẹ́ríǹ: 2 ni èyí tí afẹ́fẹ́ ń tù lára. Èyí tí wọ́n kọ 537 sí, ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ilẹ̀ tí kò le púpọ̀ ló sì mọ̀.

Kéésìn irin wọn ló wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹ fi rúlà wọn inú rẹ̀. Kéésìn ínṣì 7 tó jẹ́ 23 pọ́un fún ẹsẹ̀ bàtà, inú rẹ̀ jẹ́ bíi 161.7 mm péré. Bíìtì 165 mm kò ní kọjá. 152 mm á kọjá. Ọ̀pọ̀ ti sọ kéésìn sínú ihò tán kí wọ́n tó mọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ta BOP, fáàfù ńlá tó ń dí ẹnu kànga epo, mọ́ ọn fún yín, ẹ dá a padà: kò sí gáàsì tó fẹ́ tú jáde lábẹ́ gneiss Ifẹ̀.

Ohun tí ẹ ó fi dí ihò tí kò so

Òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ epo máa kó owó sílẹ̀ fún dídí kànga wọn. Ihò omi tí kò so nílé wa, òkúta kan ni wọ́n ń gbé lé e lẹ́nu. Ọ̀nà tààrà ni ìyẹn fún omi sàlángá láti bọ́ sínú ìlàjà àpáta tí kànga aládùúgbò ń fà mu. Ẹ ra irinṣẹ́ ìdíhò lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ra háámà.

Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ínṣì 1¼ tàbí 1½ tó dé ìsàlẹ̀ ihò ni àkọ́kọ́, pẹ̀lú pọ́ǹpù ẹrẹ̀ yín àti okùn ìwọ̀n tí irin wà ní ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá da sìmẹ́ńtì láti òkè sínú omi, iyanrìn òun omi ló ń dà, torí á tú ká kó tó dé ìsàlẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa kún un bọ̀, kí ẹnu páìpù má kúrò nínú sìmẹ́ńtì bí ẹ ṣe ń fà á sókè.

Sìmẹ́ńtì àti bẹ́ntónáìtì oníkóró ni ẹ ó yàn nínú. Sìmẹ́ńtì wà ní gbogbo ọjà, Àtàkúnmọ̀sà pẹ̀lú. Àpò 50 kílò kan pẹ̀lú omi lítà 23 ń fún wa ní bíi lítà 39. Ihò 165 mm gba lítà 21.4 ní mítà kan, nítorí náà 60 mítà á gba bíi àpò 33. Ẹ gbé 40 lọ, torí ìlàjà àpáta á mu díẹ̀. Bẹ́ntónáìtì kóró ń wú, kì í sán, kò sì nílò pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yára dà á, á há láàrin ọ̀nà, òfìfo á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa fi okùn wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń dà á. Bẹ́ntónáìtì ìyẹ̀fun tí a ń fi po ẹrẹ̀ ìwalẹ̀ kì í ṣe ìkan náà; bí ẹ bá pò ó ṣàn, kò lè dí nǹkan kan.

Bridge plug, ìdènà onírin ti iṣẹ́ epo, tí eyín rẹ̀ ń gé mọ́ ògiri kéésìn irin, ẹ má fi sínú kéésìn oníke (PVC). Á fọ́ ọ.

Ẹ gé kéésìn ní bíi mítà kan sábẹ́ ilẹ̀ kí ẹ tó kó erùpẹ̀ bò ó, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi àpò méjì pamọ́ dọ̀la, torí sìmẹ́ńtì á ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ nínú ihò kó tó gbẹ.