Fáànù oníṣáàjì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn: ẹ yẹ bátìrì rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Láti Lagere títí dé Sábó, kò sí ṣọ́ọ̀bù oníná tí ẹ máa yà sí ní Ilé-Ifẹ̀ tí ẹ ò ní bá fáànù oníṣáàjì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn oní-íǹṣì 16, èyí tó ń lo bátìrì olójé 12V 7Ah (V ni fólìtì, Ah sì ni ìwọ̀n bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó), ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó dára, ó sì tó owó ẹni í ná. Àmọ́ ọwọ́ bátìrì inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ilé méjì lè ra irú kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ti ọ̀kan ṣì máa fẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì, kí ti èkejì ti di fáànù oníwaya láàárín oṣù mẹ́fà: bí iná bá lọ, òun náà á dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti wákàtí tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Bátìrì 12V tó jẹ́ 7Ah, ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 84, ìyẹn ni pé agbára tó wà nínú rẹ̀ tó wáàtì 84 fún wákàtí kan. Bí fáànù bá ń jẹ wáàtì 20 ní nọ́ńbà tó ga jù, wákàtí mẹ́rin ni ìṣirò sọ, ṣùgbọ́n mẹ́ta tàbí díẹ̀ lé ni ẹ máa rí, torí bátìrì olójé kì í fún èèyàn ní gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bí a bá ń fà á kíákíá. Ní nọ́ńbà kan, ìyẹn èyí tó lọ́ra jù, fáànù kan náà lè máa jẹ wáàtì márùn-ún sí mẹ́jọ péré, yóò sì gbé yín di òwúrọ̀. Nítorí náà, bí páálí bá kọ wákàtí méjìlá, nọ́ńbà kan ló ń sọ. Tí iná àfitànràn ara rẹ̀ bá tún ń tàn, ẹ yọ tirẹ̀ náà kúrò. Ojú ihò USB ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ jù: fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5000mAh, bí ẹ bá ṣáàjì rẹ̀ láti òfo títí ó fi kún, yóò gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú agbára fáànù. Bí fóònù méjì bá wà lára rẹ̀ lálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bú bátìrì.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gba èyí tí wọ́n fi ń pàtẹ. Ẹ ní kí wọ́n já páálí tuntun, kí wọ́n yọ waya kúrò lára iná pátápátá, kí wọ́n sì gbé fáànù sí nọ́ńbà tó ga jù pẹ̀lú iná àfitànràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìró rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bátìrì náà ti pẹ́ nílẹ̀. Bátìrì olójé máa ń jo agbára rẹ̀ dànù fúnra rẹ̀ bó tilẹ̀ wà nínú páálí, ooru sì ń mú kó yá sí i. Èyí tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún ọdún kan láìsí ẹni tó ṣáàjì rẹ̀ lè ti bàjẹ́ kí ẹ tó dé. Ẹ tún ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣáàjà. Bí ó bá jẹ́ 100–240V, yóò ṣiṣẹ́ níbi tí iná ti máa ń rẹlẹ̀ lálẹ́, tí gílóòbù á máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ó bá jẹ́ 220–240V nìkan, ó lè má ṣáàjì rárá ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ óò sì máa rò pé fáànù ló bàjẹ́.

Ohun tó ń pa bátìrì yìí jù lọ ni kí a lò ó tán, kí a sì fi í sílẹ̀ lófo. Nígbà tí agbára bá ti tán nínú rẹ̀, iyọ̀ òjé á lẹ̀ mọ́ àwọn awo inú rẹ̀. Bí ẹ bá tètè ṣáàjì rẹ̀, iyọ̀ náà á yọ́ padà. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á le bí òkúta, ibi tó bá sì ti le sí kì í gba agbára mọ́. Ìdí nìyí tí bátìrì fi máa ń kú nígbà tí tiransifọ́mà àdúgbò bá bàjẹ́: wọ́n lò ó tán lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, iná ò dé fún ọ̀sẹ̀ kan, fáànù sì dúró sí kọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyípo rẹ̀ bá ti ń fà, ẹ pa á. Ẹ má dúró dìgbà tó máa fúnra rẹ̀ kú. Sùwíìsì ńlá ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ ni kí ẹ pa, kì í ṣe rìmóòtù nìkan, torí bí ẹ bá fi rìmóòtù pa á, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ (pátákó tó ń darí iná rẹ̀) ṣì ń mu iná bátìrì díẹ̀díẹ̀. Bí iná ò bá dé lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù.

Páńẹ́ẹ̀lì oòrùn tún ju ìyẹn lọ, bí fáànù bá ní ihò fún un. Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 20 tàbí 25 tó, ṣùgbọ́n ẹ ka iye fólìtì tí ihò náà gbà. Páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní 18V lè bí 21V tàbí 22V nínú oòrùn nígbà tí kò tíì so mọ́ nǹkan kan, kì í sì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀dù ló lè gbé e. Lójọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, yóò tó wákàtí mẹ́fà sí méje kí bátìrì tó kún láti òfo. Lásìkò òjò, ẹ má gbójú lé e.

Àṣìṣe kejì ni kí a so ó mọ́ iná tọ̀sán-tòru. Bátìrì 12V tó ti kún fẹ́ kí ṣáàjà dín ọwọ́ kù sí nǹkan bí 13.5V sí 13.8V. Ọ̀pọ̀ ṣáàjà olówó pọ́ọ́kú kì í dín ọwọ́ kù. Wọ́n á máa tì í lọ lórí 14.5V tàbí jù bẹ́ẹ̀, omi inú bátìrì á máa gbẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì wú. Bí ẹ ò bá ní mítà tí wọ́n fi ń wọn fólìtì, ẹ fọwọ́ kan ìdí fáànù lẹ́yìn tí iná pupa ti di aláwọ̀ ewé. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bí ó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò gbà á, ẹ yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bátìrì ṣe é pààrọ̀, kò sì le. Èyí tó jẹ́ 7Ah gùn ní mìlímítà 151, ó fẹ̀ ní 65, ó sì tẹ̀wọ̀n tó nǹkan bí kílò méjì. Ẹ fọwọ́ gbé e wò: ayédèrú máa ń fúyẹ́, torí òjé inú rẹ̀ kò tó. Ẹ ní kí òǹtàjà fi mítà wọ̀n ọ́n níwájú yín. Bí ó bá jẹ́ 12.6V sókè, ẹ gbà á; bí kò bá tó 12V, ẹ dá a padà. Nílé, ẹ yọ ṣáàjà, ẹ pa sùwíìsì ẹ̀yìn, ẹ dojú ìdí fáànù sókè kí ẹ tó tú àwọn ìdè rẹ̀. Waya dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ẹ tó yọ pupa. Bí ẹ bá ń fi tuntun sí i, pupa ni kí ó ṣáájú, kí dúdú tẹ̀ lé e. Pupa ń lọ síbi àmì àròpọ̀. Bí ẹ bá gbé wọn sódì, bọ́ọ̀dù lè jó lójú ẹsẹ̀, owó bọ́ọ̀dù sì lè sún mọ́ owó bátìrì. Ẹ má fọ́ bátìrì tó ti kú, ẹ má sì dáná sun ún, májèlé ni òjé, pàápàá fún ọmọdé. Àwọn tó ń ra bátìrì àlòkù á gbà á lọ́wọ́ yín.

Àwọn fáànù kan tó jáde láìpẹ́ ń lo bátìrì lithium, irú ti fóònù, dípò olójé. Wọ́n fúyẹ́ jù, wọ́n sì ń fara da lílo dé ìsàlẹ̀ ju olójé lọ, ṣùgbọ́n ṣáàjà wọn yàtọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ní ti àwọn ohun kéékèèké tó ń bíni nínú: iná aláwọ̀ búlúù iwájú rẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ jù nínú yàrá òkùnkùn. Ẹ já téèpù dúdú àwọn oníná lé e lórí, ó parí. Fáànù ń ké píì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ rìmóòtù, ìyẹn ò sì dára nílé tó ní ìkókó. Bọ́tìnì tí ń yípo lọ́wọ́ ló yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀. Eruku ọyẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ apá fáànù, á mú kó wúwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ẹ tú àwọ̀n iwájú, kí ẹ sì yọ apá rẹ̀ fọ̀. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ìdè tó di apá náà mú ń yí sódì: apá ọ̀tún ni ẹ máa yí i sí kó tó tú. Bí ó bá ń dún kẹ̀kẹ̀, òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀kán kan tàbí méjì ló fẹ́. Òróró ẹ̀pà tàbí àdín á dì mọ́ eruku.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yàrá kan ní Parakin, tí kò ní ju fóònù kan lọ, èyí tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 4.5Ah lè tó o ní nọ́ńbà kan. Ilé tó ní ọmọ, ẹ má rà á kéré sí 7Ah. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á gan-an, ẹ béèrè iye tí bátìrì rẹ̀ ń lọ lọ́jà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ irú bátìrì náà sínú rìsíìtì.