Ọkọ̀ òfuurufú onírìmóòtù kejì: alábẹ̀bẹ̀ iwájú tàbí jẹ́ẹ̀tì?

Ẹni tí ó ti fi ọkọ̀ tí apá rẹ̀ wà lókè kọ́ bí a ṣe ń fò, tí ó sì ń wá èyí tí ó yára jù ú lọ, lè mú alábẹ̀bẹ̀ iwájú tí apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tàbí jẹ́ẹ̀tì tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fara pamọ́ sínú ikùn. Jẹ́ẹ̀tì wu ojú púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tètè ń jẹ bátìrì tán, bí a bá sì fi kún iná ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí ó ń balẹ̀, agbára rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Ní ti alábẹ̀bẹ̀ iwájú, afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ kọjá lára apá àti ìrù, ó sì tètè ń gbọ́ ìdarí bí a bá fi kún iná ẹ̀rọ rẹ̀. Òun ni èmi yóò kọ́kọ́ rà, bí jẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ ń wọ̀ mí lójú.