Abẹ́ ọkọ̀ ni àbí ẹ̀yìn ọkọ̀? Irin sípéà tí wẹ́dà ṣe fún pikọ́ọ̀pù mi

Oko ni pikọ́ọ̀pù mi ń lọ, lápá Ìsẹ́yìn, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló sì ń kó bọ̀. Bíi ti ọ̀pọ̀ pikọ́ọ̀pù, abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣéènì so táyà sípéà mọ́. Lórí títì, ibẹ̀ dáa gan-an: kò gba ààyè ẹrù, kò sì dí ojú awakọ̀. Àmọ́ kí táyà ẹ̀yìn lọ jò nínú ẹrẹ̀ oṣù kẹsàn-án, kí ẹrù kún ọkọ̀! Ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀, àyè tí sípéà ìbá gbà jáde á há. Ihò tó wà nítòsí bọ́ńpà, níbi tí wọ́n ti ń ki irin gígùn bọ̀ láti tú ṣéènì sílẹ̀, ẹrẹ̀ pupa á ti dí i pa. Ẹ máa kọ́kọ́ fi jáàkì gbé ọkọ̀, lórí ilẹ̀ tó ń gbé jáàkì mì, kẹ́ ẹ tó wá dojú bolẹ̀ wọ́ táyà jáde. Ká má tíì sọ ti ṣéènì tó ti dípẹtà, tàbí ti àwọn olè tó mọ̀ ọ́n tú lóru.

Ìyẹn ni mo ṣe gbé ọkọ̀ lọ bá wẹ́dà kan ládùúgbò Ìwó Road, n'Ìbàdàn, pé kó bá mi ṣe irin tí sípéà á fi dúró lóòró níbi ẹrù, lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní kóun kúkú gbé e sórí òrùlé ọkọ̀, pé ó máa ń gbayì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ máà dá mi lágara." Táyà mi, tí nọ́ńbà ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ 265/65R17, pẹ̀lú rímù rẹ̀ lé ní 30 kílò. Ta ni yóò bá mi sọ ọ́ kalẹ̀ nínú igbó? Ẹrù wúwo lókè sì máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ fẹ́ dojú dé létí kòtò. Ti ká gbé e sórí bónẹ́ẹ̀tì, bíi ti Land Rover àtijọ́, kò tiẹ̀ wá sọ́rọ̀.

Ọ̀gá náà mọṣẹ́. Kó tó lu ihò kankan, ó yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo ibi tí táǹkì epo àti páìpù bíréèkì gbà. Ihò mẹ́rin ló lu, ó fi irin pẹlẹbẹ tì wọ́n lábẹ́ kí páànù má baà ya. Bóòtù gígùn kan gba àárín rímù kọjá, nọ́ọ̀tì dè é, àgádágodo sì tẹ̀ lé e. ₦70,000 ni mo san, irin àti iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kò fi rọ́bà sáàárín irin àti rímù, ni wọ́n bá ń jà gbàgà-gbàgà ní gbogbo gegele. Tíúbù àlòkù tí mo gé sí i ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Táyà yìí ga tó sẹ̀ǹtímítà 77, ó yọ kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tàpólì wá yọ iké, omi òjò sì ń dágún síbẹ̀. Díńgí inú ọkọ̀ ò ríran dáadáa mọ́, tẹ̀gbẹ́ ni mò ń lò. Àyè bí àpò àgbàdo méjì náà lọ. Mo fara mọ́ ọn. Ní báyìí, bí táyà bá jò, mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi, mo tú nọ́ọ̀tì kan, ó parí.

Ẹ̀yin onijíìpù tí sípéà yín wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, bíi Pajero, RAV4 àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ Prado, ẹ máà dààmú wẹ́dà kankan. Kìkì pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ sí táyà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn náà, kẹ́ ẹ di etí rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ gbé e sókè díẹ̀. Bó bá ń mì níbi híńjì, ẹ tún ìyẹn ṣe ná.