Àgbéyẹ̀wò: footwork tuntun láti Barcelona, orin mẹ́wàá, báàsì kan tó pòórá

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lo orin kẹta inú àkójọ yìí lóde ijó, ẹ dúró ná. Bí sípíkà ibẹ̀ bá jẹ́ mono (tó ń pa ohùn ọ̀tún àti òsì pọ̀ di ọ̀kan), báàsì orin náà á pòórá. N ò sọ pé á dínkù o. Kò ní sí mọ́ rárá. Kick, ìlù tó ń lu gbì-gbì, á ṣì máa dún, àtẹ́wọ́ á ṣì máa ró, ohùn obìnrin tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ á ṣì máa já lu ara wọn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ orin á ti ṣófo bí igbá tí wọ́n da omi inú rẹ̀ nù. Footwork, orin ijó ẹsẹ̀ tó yára, tí kò bá wá ní báàsì, kí ni oníjó fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé níbẹ̀? Ó dùn mí gan-an, torí orin náà dára.

Ilé orin kékeré kan ní Barcelona ló gbé e jáde, n ò ní dárúkọ wọn. Fáìlì WAV ni mo rà. Chicago tó bí footwork, 160 BPM rẹ̀ (iye ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan), gbogbo wa la mọ ìyẹn, ẹ jẹ́ n kọjá síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó ṣe báàsì náà rèé. Ẹni tó ṣe orin yìí fẹ́ kó fẹ̀, kó gba ọ̀tún gba òsì. Ó wá da báàsì kan náà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì yí ti ọ̀tún sódì: bí ìgbì ti òsì bá ń gòkè, ti ọ̀tún á máa sọ̀ kalẹ̀. Nínú headphone, ó máa ń dà bíi pé ohùn yẹn yí èèyàn ká, ó sì dùn ún gbọ́. Àmọ́ bí ẹ bá pa ọ̀tún àti òsì pọ̀ di ọ̀kan, èkíní á pa èkejì rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ijó ló ń pa wọ́n pọ̀, pàápàá fún sub, sípíkà báàsì tó jìn jù. Ẹ lè fojú ara yín rí i: ẹ ṣí fáìlì náà nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ìgbì ohùn hàn, ẹ fà á sún mọ́ ojú dáadáa níbi tí báàsì ti wọlé, ẹ wo ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀. Níbi tí ọ̀kan ti ga ni èkejì ti jìn.

Mo kọ ímeèlì sí wọn, mo fi àwòrán ìlà méjèèjì sí i, mo sì tọ́ka sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn ní ẹ̀rọ tèmi ni kí n lọ yẹ̀ wò, pé ó ní láti jẹ́ wáyà sípíkà kan ni mo gbé sódì. Mo ní rárá, inú fáìlì ló wà, ẹ wo àwòrán. Ó tún kọ ọ́ pé kí n gbé irinṣẹ́ Utility lé orin náà nínú Ableton, ètò tí wọ́n fi ń ṣe orin, kí n tan Bass Mono inú rẹ̀ ní 120 Hz (Hz ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tàbí jìn tó). Ibí yìí ló ti bí mi nínú jù. Ọ̀tún àti òsì ni Bass Mono ń dà pọ̀ ní ìsàlẹ̀ 120 Hz. Ohun méjì tó ń pa ara wọn rẹ́, òun náà lo tún ní kí n dà pọ̀! Bí mo bá gbọ́ tirẹ̀, inú headphone pàápàá, báàsì á lọ. Tí ẹ bá ní kí a kàn yí phase ọ̀tún, ìyẹn bí ìgbì rẹ̀ ṣe ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, padà ńkọ́? Ìyẹn náà kò ṣeé fi ṣe gbogbo orin, torí kick àti ohùn dúró ire láàárín. Ẹ bá yí ọ̀tún padà, àwọn yẹn náà á máa pa ara wọn rẹ́. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí ẹ pín orin sí méjì ní 120 Hz, kí ẹ lo òsì nìkan fún ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi òkè sílẹ̀ bó ṣe wà. Kick wà nínú òsì, báàsì wà níbẹ̀, ohunkóhun kò sọnù.

Mo to gbogbo èyí sínú lẹ́tà, mo ní kí wọ́n gbé e fún ẹni tó ṣe mastering, àtúnṣe ìkẹyìn kí orin tó jáde. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Kò jiyàn, kò pa á mọ́. Ó ní òun ti gbọ́ ọ ní mono, òótọ́ ni. Ó gba báàsì náà lọ́tọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe orin, ó gbé e sí àárín, ó fi apá òkè rẹ̀ nìkan sílẹ̀ kó fẹ̀, ó sì fi fáìlì tuntun ránṣẹ́. Mo pa á pọ̀ di mono, báàsì dúró gbọn-in. Iṣẹ́ ọmọlúàbí nìyẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàyí o, orin kẹjọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bulería, nínú flamenco, orin ìbílẹ̀ Spéìnì, ní ìlù 12 kó tó yí po, àtẹ́wọ́ tó wúwo sì máa ń bọ́ sórí 12, 3, 6, 8 àti 10. Bí wọ́n bá lù ú ní 240 láàárín ìṣẹ́jú kan, yíyípo kan gba ìṣẹ́jú àáyá 3. Footwork ní 160 BPM ńkọ́? Ìlù 8, ìyẹn bar méjì, gba ìṣẹ́jú àáyá 3 gẹ́lẹ́. Àwọn méjèèjì jọ ń délé ni! 12, 3 àti 6 bọ́ sórí ìlù kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n 8 àti 10 bọ́ sí àárín, ọ̀kan lẹ́yìn ìkẹfà, ọ̀kan lẹ́yìn ìkeje. Ibi méjèèjì yẹn ni ẹni tó ṣe orin yìí gbé tom 808 (ohùn ìlù láti inú ẹ̀rọ ìlù 808) sí, kick kò sì fara kàn án. Ẹsẹ̀ á fẹ́ ṣubú, kò ní ṣubú. Etí Yorùbá kò ní bá a jà rárá, torí agogo kóńkóló tiwa náà, 12 ni wọ́n pín in sí. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ footwork tó ti Spéìnì wá, n ò tíì gbọ́ èyí tí wọ́n ro jinlẹ̀ tó báyìí.

Orin karùn-ún gbìyànjú ohun kan náà, ó bà á jẹ́. Ó fi Warp, irinṣẹ́ Ableton tó ń na ohùn, fa 8 àti 10 wá sórí ìlù gangan, àtẹ́wọ́ wá ń dún bíi ti ẹ̀rọ, adùn rẹ̀ lọ. Ìkẹfà àti ìkeje kàn ń ṣàfarawé Chicago, wọn kò burú, wọn kò sì ní nǹkan tuntun. Spéìnì kúkú ti kọjá ìyẹn. Ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ olórin BSN Posse ti Málaga ti ń ṣe footwork.

Ẹ̀yin DJ, ẹ kíyè sí i: 80, ìdajì 160, ni wọ́n kọ sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bíi BPM. Nínú rekordbox, ètò tí DJ fi ń to orin, ẹ yan ààlà BPM 98–195 kí ẹ tó jẹ́ kó ṣe àyẹ̀wò wọn. Bó bá ka orin kẹjọ sí 107, ìdá mẹ́ta-mẹ́ta inú àtẹ́wọ́ ló tàn án. Ẹ fi ọwọ́ tẹ 160 sí i.

Ohun tí ó ṣì ń bí mi nínú ni pé orin kẹta tó ní àbùkù ṣì ni wọ́n ń tà fún ẹni tó bá ra àkójọ náà lónìí. Wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, wọn kò kọ lẹ́tà sí àwọn tó ti rà á. Bí ẹ bá rà á, ẹ béèrè fún èyí tuntun lọ́wọ́ wọn kíá, ẹ ní èyí tí báàsì rẹ̀ wà láàárín lẹ fẹ́.

Máàkì orin kẹjọ: 5 nínú 5.