OpenRefine: bó ṣe bá mi to ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa n'Íkẹ́rẹ́

Akọ̀wé mẹ́rin ló ti jẹ ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì kó tó kàn mí. Ọ̀kan kọ Olushola, èkejì kọ Olusola, ẹ̀kẹta fi àmì sí i: Olúṣọlá. Ẹnì kan ṣoṣo ni o, àmọ́ owó rẹ̀ ti fọ́n sí ojú ìwé mẹ́ta.

OpenRefine, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń tún àkọsílẹ̀ tó dàrú ṣe, ni mo fi tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Ọdún 2010 ló jáde. Ó jẹ́ Google Refine fún ìgbà díẹ̀ kó tó di OpenRefine ní 2012. Orí kọ̀ǹpútà ẹni ló ti ń ṣiṣẹ́, àkọsílẹ̀ owó ọlọ́wọ́ kò jáde lọ síbì kankan, kò sì jẹ dátà.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó wúlò jù ni Cluster, tó ń kó àwọn orúkọ tó jọra jọ kí èèyàn lè sọ wọ́n di ọ̀kan. Ọ̀nà àkọ́kọ́ níbẹ̀, fingerprint, máa ń yọ àmì kúrò, á sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, á tún to àwọn orúkọ bí a, b, d. Bí "AJAYI, Bose" ṣe bá "Bọ́sẹ̀ Àjàyí" pàdé nìyẹn. Inú mi dùn gan-an! Ṣùgbọ́n àmì tó ń yọ yẹn náà léwu fún Yorùbá: Òkè àti Òkẹ́ di "oke" kan náà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ amútọ̀runwá ni Òkẹ́, ọmọ tó wáyé nínú àpò.

Ọ̀nà kejì ni ti Levenshtein, ìṣirò tó ti wà láti 1965: lẹ́tà mélòó la máa fi kún, yọ tàbí pààrọ̀ kí orúkọ kan tó di èkejì? Olushola sí Olusola, ẹyọ kan. Ó dáa. Adébáyọ̀ sí Adétáyọ̀ náà, ẹyọ kan! Mo ti tẹ Merge, tó ń da orúkọ pọ̀, kí ìyá alága wa tó yọjú wo ojú kọ̀ǹpútà: "Ọmọ mi, kì í ṣe ẹnì kan o. Ìyá kan ló bí wọn ni." Ọpẹ́lọpẹ́ Undo, tó ń dá iṣẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò da orúkọ pọ̀ mọ́ láìjẹ́ pé màmá jókòó tì mí.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fi fingerprint ṣáájú. Ọlá tí fóònù kan tẹ̀ lè jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, kí ti òmíràn jẹ́ márùn-ún torí pé ó ka àmì sọ́tọ̀. Ojú wa ò ní rí ìyàtọ̀, àmọ́ Levenshtein á ka ìyàtọ̀ mẹ́rin. Ẹ tún dín Block Chars (iye lẹ́tà tó tẹ̀ léra tí orúkọ méjì gbọ́dọ̀ jọ ní kó tó fi wọ́n wéra) kù láti 6 sí 3, torí àwọn orúkọ kúkúrú.

Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀nà tó ń fi ìró ṣe ìfiwéra wà níbẹ̀, kódà ti èdè Jámánì wà. Èyí tó mọ̀ pé "sh" àti "ṣ" jọ ń dún bákan náà lẹ́nu wa ni kò sí.